Àfàlá, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ìgbàgbọ́ Obìnrin Nínú Ìdààmú àti Nínú Iṣẹ́ Òòjọ́

Ìfáárà

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ọkùnrin ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ẹni: Àjàyí Crowther, Henry Townsend, David Hinderer, James Johnson. Àwọn ni wọ́n wàásù, àwọn ni wọ́n kọ ìwé, àwọn ni a sì fi orúkọ wọn sọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Àwọn obìnrin wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ ni a kọ sílẹ̀ nípa wọn. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Àfàlá, ìyá tí ó bí Àjàyí Crowther.

Àfàlá kò kọ ìwé, kò sì gun orí àga ìwàásù. Ìyá ọlọ́mọ ni, opó ni, ẹrú ni ní ìgbà kan, ìyá àgbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ sì ni. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fi hàn pé ìgbàgbọ́ obìnrin kì í ṣe ohun tí ó mọ sí inú ilé ìsìn nìkan. Ìdí ààrò, ọ̀nà ọjà àti ẹ̀gbẹ́ ẹní ọmọ ni ó ti máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ó tó hàn sí gbogbo ayé.

Òwúrọ̀ Tí Òṣoògùn Fọ́

Òṣoògùn jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Àfàlá ti ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ní àkókò náà, agbára Ọ̀yọ́-Ilé ti ń rẹ̀yìn. Àfọ̀njá ti ṣọ̀tẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ìjòyè kò gbọ́ ti Aláàfin mọ́, àwọn ọmọ ogun àti ajínigbé sì ń da ọ̀nà rú. Ìlú tí ó bá sùn lónìí kò mọ̀ bóyá àlàáfíà ni òun yóò fi jí lọ́la.

Ní ọdún 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àwọn obìnrin ṣì wà nídìí ààrò tí oúnjẹ òwúrọ̀ kò tíì délẹ̀, ariwo ta pé ogun ti dé. Ọkọ Àfàlá sáré wọlé láti kìlọ̀ fún wọn, ó sì padà lọ bá àwọn ọkùnrin ìlú níbi tí wọ́n ti ń dènà ọ̀tá. Bí ó ti jáde ni ó jáde; aya àti ọmọ kò tún fojú kàn án mọ́. Àfàlá gbé ọmọ ọwọ́ rẹ̀, ó kó àwọn yòókù lẹ́yìn, wọ́n sì gba ọ̀nà igbó. Àjàyí, tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá, wà láàárín wọn. Igbó náà kò gbà wọ́n. Ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ wọ́n, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n sì dà wọ́n lọ bí ẹran. Lẹ́yìn wọn, ilé tí Àfàlá ti ń dáná ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti di iná.

Ní Ìsẹ́yìn ni a ti pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ olórí ogun. Àfàlá àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́ àwọn mìíràn. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì tún dá a padà. Lẹ́yìn èyí, ìyá àti ọmọ tún pàdé ní ìlú kan tí ó ń jẹ́ Dada, wọ́n sì wà nítòsí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí ìrètí ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, a tún mú Àjàyí kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lójijì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà wọn ti yà.

Àjàyí kọjá ní Ìjàyè, ó ti ọwọ́ olówò kan bọ́ sí ti òmíràn, títí ó fi dé ọjà ẹrú ní Ìkòsì, ní etí ọ̀sà. Ọmọ Òṣoògùn tí kò tíì rí omi ńlá rí ni a gbé sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó. Ọ̀sà yìí kan náà ni ó ya lọ sí apá ìlà-oòrùn dé Ìwọ̀pin àti àwọn ìlú etí omi tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside lónìí. Ọ̀nà ẹja ni, ọ̀nà iyọ̀ ni, ṣùgbọ́n ní ìgbà náà, ọ̀nà omijé àwọn ìyá ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1822, àwọn Potogí ra Àjàyí, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ wọn. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹrin ọdún náà, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà, a sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Àfàlá kò mọ ọ̀kankan nínú gbogbo èyí.

Ọdún Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n Láìgbúròó

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú mọ ibojì tí yóò sunkún sí. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ sọnù kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Àfàlá fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọ́n wá Àjàyí títí, wọn kò rí i. Nígbà tí ọmọ náà ń kọ́ ìwé ní ilẹ̀ Sàró, tí a ń ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1825, tí ó ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní ọdún 1827, tí ó sì ń gbé Asano ní ìyàwó, ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ Yorùbá, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì ń mí.

Kò sì jókòó tẹtẹrẹ. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì tí a kó pẹ̀lú rẹ̀ ṣì wà láyé, ìdílé sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ìgbèkùn kò bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A tún jí i gbé nígbà tí ó ń lọ sí ọjà, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n sì san owó láti rà á padà. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní ìgbà tí àwọn alágbára ń ta ènìyàn, àwọn obìnrin tí kò ní agbára ogun ń ṣa owó ẹyọ jọ láti ra ara wọn padà. Ohun tí ogun ń tú ká, ìyá àti ọmọ ń kó o jọ.

Kì í ṣe Àfàlá nìkan ni ìyà yìí jẹ. Láàárín ọdún wọ̀nyí, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú, àwọn tí ó ṣẹ́kù sì sá sí abẹ́ Olúmọ, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Ọ̀yọ́-Ilé fúnra rẹ̀ di ahoro. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú pẹ̀lú, Àgọ́-Ìwòyè jẹ́ ìlú tí àwọn ìletò bí méje parapọ̀ dá sílẹ̀ nítorí ààbò. Orúkọ àgọ́ tí ó ń jẹ́ ṣì ń rántí ìgbà náà. Nínú gbogbo ìparapọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin ni ìtàn sọ pé wọ́n tẹ ìlú dó, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni wọ́n tún ààrò tò, tí wọ́n sì tún ọjà ná.

Ìpàdé ní Abẹ́òkúta

Ní ọdún 1843, a fi Àjàyí jẹ àlùfáà nínú Ìjọ C.M.S. ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1845, òun àti ẹbí rẹ̀ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Townsend àti Gollmer. Wọ́n fẹ́ kọjá sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí tí ó ń retí wọn, ti kú, ọ̀nà kò sì dára. Wọ́n dúró ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan ààbọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846 ni Àjàyí Crowther àti Townsend wọ Abẹ́òkúta.

Àfàlá àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ń gbé nígbà náà ní ìlú kékeré kan tí ó ń jẹ́ Abaka, tí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ó ń tọ́jú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn pé ọmọ tí ó sọnù ti dé pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846, Àfàlá àti ọ̀kan nínú àwọn arákùnrin Àjàyí wọ Abẹ́òkúta láti wá a.

Nígbà tí ó fojú kan ọmọ rẹ̀, ara rẹ̀ gbọ̀n. Ọmọdé tí a fà lọ ní Dada ti di ọkùnrin tí ó wọ aṣọ àlùfáà, tí ó sì ní aya àti ọmọ. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá tí ìyà ti mú gbẹ. Àwọn ènìyàn pé lé wọn lórí. Lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ náà ni ìyá wá ń fi orúkọ ìkẹ́ pe ọmọ rẹ̀, orúkọ tí ìyá àgbà, tí ó ti kú sóko ẹrú, máa ń pè é nígbà tí ó wà ní kékeré. Láti inú orúkọ wọ̀nyí ni ọmọ náà fi mọ̀ dájú pé òun ti délé.

Àjàyí kọ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé ẹsẹ Bíbélì tí a yàn fún ọjọ́ náà gan-an sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ ọmọ aláìníbaba. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run pé nígbà tí gbogbo ìwákiri ti já sí òfo, ìyá àti ọmọ tún pàdé láìròtẹ́lẹ̀.

Hánà, Ìyá Sámúẹ́lì

Ẹnìkan lè rò pé nítorí pé ọmọ jẹ́ àlùfáà, ìyá kò ní ohun mìíràn í ṣe ju kí ó wọ ẹ̀sìn ọmọ rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ ìpàdé títí di ọjọ́ ìrìbọmi tó ọdún kan ààbọ̀. Ìyá àgbà ni Àfàlá ní ìgbà náà. Òrìṣà àwọn baba rẹ̀ ni ó ti ń bọ láti kékeré, àwọn ìbátan àti aládùúgbò rẹ̀ sì wà nínú ẹ̀sìn náà. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́, ó gbọ́, ó sì rò ó. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejì ọdún 1848, a ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì wà lára àkọ́so ìjọ Abẹ́òkúta.

Orúkọ tí a fún un ni Hánà. Orúkọ Sámúẹ́lì tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ ti wá láti ọ̀dọ̀ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tí a sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá di Hánà, orúkọ ọmọ náà rí ìtumọ̀ tuntun. Hánà inú Bíbélì ni obìnrin tí ó sunkún nítorí ọmọ, tí ó gbàdúrà láìgbé ohùn sókè, tí àlùfáà sì rò pé ó mutí. Nígbà tí ó rí ọmọ, ó fi í fún Olúwa, ó sì ń rán aṣọ kékeré lọ fún un lọ́dọọdún.

Ìtàn méjèèjì jọra, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín wọn tí kò yẹ kí a gbójú fò. Hánà àkọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ọmọ sílẹ̀, ó sì mọ ibi tí ó wà. Àfàlá kò fi ọmọ fún ẹnikẹ́ni. A já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Kò sí aṣọ kékeré kankan tí ó lè rán sí i. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ Àfàlá kò túmọ̀ sí pé ó pe ìwà ibi àwọn ajínigbé ní iṣẹ́ rere Ọlọ́run. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé ibi kò ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún gbogbo obìnrin tí a ti fi ìyà jẹ rí, tí a sì sọ fún pé kí ó gbà á bẹ́ẹ̀ nítorí pé Ọlọ́run ni ó fẹ́ ẹ.

Ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ìgbà náà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àríyá. Ní nǹkan bí ọdún 1849, a ṣe inúnibíni sí àwọn Kìrìsìtẹ́nì níbẹ̀. A mú wọn, a dè wọ́n, a sì bá àwọn kan jà nínú ilé ara wọn. Obìnrin tí ó bá yan ẹ̀sìn tuntun mọ̀ pé òun lè pàdánù ojú rere àwọn ará ilé. Ìgbésẹ̀ Àfàlá jẹ́ ìgbésẹ̀ ẹni tí ó mọ iye tí ohun tí ó ń rà jẹ́.

Ọjọ́ Ogbó àti Èso Ilé Rẹ̀

Nígbà tí iṣẹ́ gbé Àjàyí Crowther lọ sí Èkó, ìyá rẹ̀ wá di ará Èkó pẹ̀lú. Ẹ̀mí rẹ̀ gùn. Ó wà láyé nígbà tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà ọdún 1864, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà nínú Ìjọ Áńgílíkà. Abigail, ọmọ-ọmọ rẹ̀, ni aya Thomas Babington Macaulay tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ọmọ Abigail sì ni Herbert Macaulay, ẹni tí a bí ní ọdún 1864, tí ó di aṣáájú nínú ìjà fún òmìnira Nàìjíríà. Obìnrin tí a fi okùn sí lọ́rùn ní Òṣoògùn ni ó wà ní gbòǹgbò igi yìí.

Ẹ̀bùn mìíràn tún wà tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé. Àjàyí kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá lọ nígbà tí a mú un kúrò nílé. Èdè tí ó fi kọ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1843, tí ó sì fi ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, èdè tí ó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni. Ó kọ́ púpọ̀ sí i lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìdí ààrò. Àfàlá kú ní Èkó ní ọdún 1883, nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, odindi Bíbélì jáde ní èdè Yorùbá.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kò ṣí sílẹ̀ fún àwọn oníwàásù bí Abẹ́òkúta ti ṣí. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní ọdún 1892 ni ìjọ wá tàn káàkiri níbẹ̀. Nígbà tí ó dé, Bíbélì tí àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú gbọ́ jẹ́ ti èdè Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn Àfàlá ṣe dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé.

Ẹ̀kọ́ fún Obìnrin Òde Òní

Ìgbà ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹrù obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ fúyẹ́. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, láti Òkè-Ṣọpẹ́n dé Òkè-Àgbò, àwọn obìnrin wà tí wọ́n ń ti oko gbé ẹrù wọ ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn kan ń fi owó oúnjẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì rán ọmọ tiwọn náà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ní Ìwọ̀pin àti Mákun-Omi, èéfín ẹja ń ta sí àwọn mìíràn lójú. Nínú wọn ni opó wà. Nínú wọn ni ìyá wà tí ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí òkè òkun, tí kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìtàn Àfàlá sọ fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni pé ẹkún kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Omijé ìyá yìí kò gbẹ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lára àkọ́so ìjọ. Èkejì ni pé iṣẹ́ òòjọ́ kì í ṣe ohun tí ó ń dí ìsìn lọ́wọ́. Nígbà tí ó ń tọ́ ọmọ-ọmọ ní Abaka, tí kò sí ẹni tí ó ń yìn ín, iṣẹ́ ìgbàgbọ́ ni ó ń ṣe, nítorí pé ó kọ̀ láti jẹ́ kí ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ilé rẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé obìnrin ni aṣọ obìnrin. Àwọn ọmọbìnrin Àfàlá rà á padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ yẹ kí ó jẹ́ ibi tí a ti ń ra ara ẹni padà lọ́wọ́ gbèsè, àìsàn àti ìtìjú, kì í ṣe ibi tí a ti ń fi aṣọ ẹgbẹ́ díje.

Ẹ̀kẹrin ni pé kò sí ọjọ́ orí tí ó pẹ́ jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tí kò mọ ìwé ni Àfàlá nígbà tí ó jókòó láti kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun. Obìnrin tí ó bá ń ro pé àkókò ti kọjá fún òun láti kọ́ ìwé, láti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ tàbí láti fi ayé rẹ̀ jì fún Ọlọ́run, kí ó wo ọ̀dọ̀ ìyá yìí.

Ìkádìí

Kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó ń rí ọmọ tí ó sọnù. Ọ̀pọ̀ ìyá Òṣoògùn kò tún rí ọmọ wọn mọ́ títí wọ́n fi kú, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ìgbàgbọ́ tiwọn kò tó. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ sọ ìtàn Àfàlá di ìlérí pé gbogbo ẹkún ni yóò parí sí ẹ̀rín ní ojú ayé. Ohun tí ó dájú nínú rẹ̀ ni pé kí ọjọ́ ayọ̀ tó dé, Àfàlá ti jẹ́ ẹni iyì. Ní gbogbo ọdún tí kò gbúròó ọmọ, ó ń ná ọjà, ó ń bọ́ ẹbí, ó sì ń pa orúkọ ìkẹ́ ọmọ mọ́ sínú. Nígbà tí ọmọ dé, ó bá orúkọ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀.